Bàbá Tó Jókòó Sẹ́nu Ọ̀nà Ọgọ́rin

Mo lá àlá kan mọ́jú òní, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó gbàgbé ibi tí àwọn ewúrẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ẹ máa jẹ àkàrà yín lọ. Ìyá Ṣẹ̀gilọlá, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwé nọ́ọ̀sì yìí lẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi Wúràọlá ni mò ń tọ́jú sáfà, kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo ètò ilé ìwé ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, èmi náà ni mo sì fẹnu ara mi sọ fún Rẹ́jísírà pé ìmúdójúìwọ̀n tí mo fẹ́ ṣe sí i kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn di ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nínú sáfà, olúkúlùkù ètò ló ní ẹnu ọ̀nà tó ń jókòó sí, ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà. Ètò méjì kò lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kan. Ètò tuntun tó yẹ kó máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé ìwọlé ìdánwò dé ẹnu ọ̀nà ọgọ́rin, ó bá ètò àtijọ́ níbẹ̀. Mo dá ti àtijọ́ dúró, ó tún gbéra. Mo pa sáfà, mo tún un tàn, ó ti débẹ̀ ṣáájú mi. Akẹ́kọ̀ọ́ irínwó lé méjìlá ló ń retí ìwé yẹn, ọ̀sán òní ni wọn yóò sì ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹni tí kò bá ní ìwé lọ́wọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Rẹ́jísírà sì ti fi kúẹ́rì lé mi lọ́wọ́, pé kí n wá wí tẹnu mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ẹ̀rù yẹn ni mo gbé lọ sórí ibùsùn.

Nínú àlá náà, ojúmọmọ ni, mo dé ibi iṣẹ́, mo bá ọ́fíìsì wa lókè. Kì í ṣe òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì o. Ó ń léfòó lófuurufú lórí pápá bọ́ọ̀lù, wáyà búlúù kan ni wọ́n fi so ó mọ́ igi gúáfà kó má baà lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó bí mi nínú ni pé ìró ni mo ró, kò sì sẹ́ni tó pè mí kó sọ fún mi pé a máa gun wáyà lónìí. Nísàlẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ irínwó lé méjìlá dúró nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n ṣí agbòjò, wọ́n dorí rẹ̀ kodò, kí ìwé lè já bọ́ sínú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ tètè o!" ni wọ́n ń wí.

Mo ní mò ń bọ̀. Mo ká ìró mi sókè, mo di wáyà mú, mo gòkè.

Mo bá Rẹ́jísírà, Alàgbà Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ, nídìí tábìlì, wọ́n ń kọ kúẹ́rì fún mi. Bí wọ́n ṣe kọ "Ìwọ Wúràọlá", irùngbọ̀n gígùn hù sí wọn lágbọ̀n. Bí wọ́n ṣe kọ "kí ló dé tí", ìwo méjì yọ. Nígbà tí wọ́n fi máa fọwọ́ sí i, wọ́n ti di òbúkọ pátápátá, wọ́n sì ti jẹ kúẹ́rì náà dé ìdajì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Òbúkọ ni o, èèyàn ni o, ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Wúràọlá, ó ku wákàtí kan," ni òbúkọ wí, ìwé sì kún ẹnu wọn. "Mo ti pe ìgbìmọ̀."

Ìgbìmọ̀ wọlé. Ewúrẹ́ mẹ́fà ni, gbogbo wọn de táì. Ọ̀kan ní kí á kun ẹnu ọ̀nà ọgọ́rin ní ọ̀dà. Òmíràn ní kí á kọ́kọ́ dá ìgbìmọ̀ kékeré sílẹ̀ tí yóò wo ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Ẹ̀kẹta jẹ ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé tán, ó ní òun fara mọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìpàdé tiwa níbí, ṣé ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ni sáfà bá wúkọ́ ní kọ̀rọ̀ yàrá. "Wúràọlá, fi àwọn yẹn sílẹ̀. Wọlé wá."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ara rẹ̀ bíi fíríìjì, mo wọlé. Inú rẹ̀ móoru. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló wà níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni lọ́tùn-ún lósì, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ṣófo. Mo ń kà wọ́n lọ títí mo fi dé ọgọ́rin.

Bàbá àgbàlagbà kan jókòó síbẹ̀ lórí àga tó ṣeé ká. Wọ́n wọ kakí tí wọ́n lọ̀ dáadáa, fùláàsìkì ẹ̀kọ gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ojú wọn sì ń ṣomi díẹ̀. Níwájú wọn, ọmọbìnrin kan dúró nínú kóòtù tó ń dán, ó di létà ìgbanisíṣẹ́ mú. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ni ètò tuntun.

"Àǹtí, wọ́n kọ ọgọ́rin sínú létà mi," ó ti fẹ́ máa sunkún, "ṣùgbọ́n bàbá wà lórí àga."

"Ṣé o ò lè lo mọ́kànlélọ́gọ́rin ni?"

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ ibẹ̀. Ọgọ́rin ni gbogbo wọn máa ń kàn."

Òótọ́ ló sọ. Mo ní, "Ṣé o ti sọ fún bàbá pé kí wọ́n dìde?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lọ gbá bàbá rẹ̀ létí. "Èmi? Kí n ní kí àgbàlagbà dìde lórí àga?"

Ẹ ò rí i pé ọmọ ilé rere ni. Èmi tí mo dàgbà jù ú lọ ló kàn. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, bàbá."

"O káre, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, sà. Ẹ ẹ̀ ní bínú, ẹni tuntun ti dé o."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ìyẹn náà dáa."

Wọn ò bá mi jiyàn rárá. Wọ́n ká àga wọn, wọ́n gbé fùláàsìkì, wọ́n ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ wa rọrùn, wọ́n sì lọ. Ọmọbìnrin náà kò tíì gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ tí bàbá fi tún wà lórí àga níbẹ̀, tí wọ́n ń da ẹ̀kọ sínú ife.

"Ẹ káàárọ̀ o," wọ́n kí wa bí ẹni tí kò rí wa rí.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ṣe é. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, mo gbé bàbá tàga-tàga, ó di ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Wọ́n fúyẹ́. Wọ́n fi ẹ̀kọ lọ̀ mí lójú ọ̀nà, mo mu díẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ọgọ́rin, bàbá kan náà ló kí mi káàbọ̀. Mo bú sẹ́kún, nítorí mò ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ yẹn látìsàlẹ̀, tí wọ́n ń ka ìṣẹ́jú tó kù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń mú yín padà wá?"

"Wọ́n ń jí mi ni, ọmọ mi. Bí mo bá ti fẹ́ sùn báyìí, wọ́n á ní, 'Bàbá, àsìkò ti tó.' Ẹni tí wọ́n bá jí, ṣé kò ní lọ síbi iṣẹ́ ni?"

Mo ní kí wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jí wọn. Mo ti pinnu pé onítọ̀hún máa rí pupa ojú mi. Bàbá dì mí lọ́wọ́ mú, a yà sí kọ̀rọ̀ kan, a sì já sí ilé ìdáná mi. Ilé ìdáná mi gan-an, pẹ̀lú ìkòkò tí mi ò tíì fọ̀. Obìnrin kan kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ró ìró mi, agogo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí!"

Ó yíjú padà. Èmi ni.

Kò yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojú tì mí. "Kí ló dé tó o fi ń jí bàbá?"

"Ìwọ lo ní kí n máa jí wọn." Ó fi agogo tọ́ka sí ògiri. Ìkọ̀wé èmi fúnra mi ni, láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn: Nígbàkúùgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, jí bàbá. "Mo sì ń jí wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí n má jí wọn mọ́."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo fẹ́ fi etí ìró mi nu ògiri náà, ni bàbá bá wúkọ́.

"Ọmọ mi, ṣé báyìí náà ni? Kò ní sí ìdágbére?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fẹ̀yìn tì níbí tí a kì í bá ya fọ́tò, tí a kì í fún ní aago ògiri tí àwòrán rẹ̀ wà nínú. Ẹni tó ń gé koríko wa lọ́jọ́sí, ṣé a ò fún un ni? Mo sáré pe ìgbìmọ̀. Àwọn ewúrẹ́ wá, wọ́n tò fún fọ́tò, àwọn kúkurú síwájú. Rẹ́jísírà ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ olójú ìwé mọ́kànlá, wọ́n ń jẹ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kà á tán, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n lè tún un kà. Ọmọbìnrin tuntun kúnlẹ̀, bàbá fọwọ́ lé e lórí.

"Afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ sẹ́nu ọ̀nà yẹn nírọ̀lẹ́," wọ́n sọ fún un. "Máa mú aṣọ dání."

Wọ́n gbé àga wọn fún un. Nígbà náà ni mo tó nu ògiri. Mo gbé aago lé bàbá lọ́wọ́, àwòrán wọn ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, aago náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó ń dún, kò dákẹ́.

Fóònù mi ni. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni: Oògùn ojú Bàbá, ẹ̀kán méjì.

Bàbá mi ni. Ẹ rántí pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé nígbà tí ojú ń dùn wọ́n, ẹ sì bá mi sin wọ́n. Ó ti lé lọ́dún kan. Gbogbo àárọ̀ ni aago yẹn ń dún látìgbà náà, gbogbo àárọ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́ pa, tí mò ń sùn padà. Kò sẹ́ni tó sọ fún fóònù pé wọn ò sí mọ́.

Mo dìde jókòó. Mo wá rántí pé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ni mo kọ ìlà kan sínú sáfà pé nígbàkúùgbà tó bá tàn, kó jí ètò àtijọ́, bó bá sì ṣubú, kó tún gbé e dìde. Mo ti gbàgbé pátápátá. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń lé bàbá dìde lórí àga, mi ò sì bá ẹni tó ń jí wọn sọ̀rọ̀. Mi ò wẹ̀. Mo dé ibí kí aago méje tó lù, mo pa ìlà kan ṣoṣo yẹn rẹ́, mo tún sáfà tàn, ètò tuntun sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọgọ́rin wẹ́rẹ́. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ látàárọ̀ yẹn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń tẹ ìwé àwọn ọmọ. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Rẹ́jísírà fúnra wọn wá gba kúẹ́rì padà lọ́wọ́ mi láago mẹ́jọ. Wọn ò tíì fá irùngbọ̀n. Mi ò lè wo ojú wọn.

Ti fóònù ńkọ́? Ìyá Ṣẹ̀gilọlá, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa béèrè. Mo gbé ìka lé e láti pa á rẹ́, ọwọ́ mi ò sì gbà. Àárò bàbá mi ń sọ mí. Ẹnu ọ̀nà ọgọ́rin, ẹlòmíràn ló ń dúró dè é. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tèmi, kò sẹ́ni tó ń bá bàbá mi du ibẹ̀. Tó bá dún lọ́la, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," kí n tó tẹ̀ ẹ́ pa.

Ó tó. Iṣẹ́ yá. Látúndé, dìde lórí àga mi. Àbí aago ògiri nìwọ náà ń dúró dè?