Iṣẹ́ Tí Wọn Ò Gbà Mí Sí

"Ibi tí mo fi ìka sí yìí ni kí ẹ buwọ́ lù, Ìyá Oníná," ni akọ̀wé wí, ó sì na bírò sí i.

Ìyá Oníná kò gba bírò. Ó tún lẹ́tà náà kà láti òkè, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kò mójú tó iná sólà ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sì bàjẹ́ nínú fíríìjì lọ́jọ́ tí iná ìlú lọ. Nítorí náà, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ láti òní lọ.

Iṣẹ́ wo? Òun tí wọn ò gbà síṣẹ́ rí.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ tí í ṣe oníná kú, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ sólà. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló fi fẹsẹ̀ rìn lọ síbi ẹ̀kọ́ náà, ogójì ìṣẹ́jú ní àlọ, ogójì ní àbọ̀. Bàtà ẹsẹ̀ òsì ló kọ́kọ́ lu. Obìnrin mẹ́tàlélógún ni wọ́n, àṣíborí mẹ́rin péré ló wà. Lọ́jọ́ ìparí, wọ́n ń ṣí i láti orí kan dé orí kejì kí wọ́n lè ya kálukú ní fọ́tò lórí òrùlé. Fọ́tò kan, iṣẹ́ kan: bí ọ́fíìsì yìí ṣe ń ka iye ènìyàn tó gbà síṣẹ́ nìyẹn. Òun ló ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò, wọ́n sì ṣèlérí iṣẹ́ ilé ìwòsàn fún un. Ó retí wọn fún oṣù méje. Ẹ̀yìn ìyẹn ló gbọ́ pé àbúrò ìyàwó ọ̀gá ọ́fíìsì ló wà níbẹ̀, ọkùnrin tí kò lè gun àga kí òòyì má kọ́ ọ.

Fọ́tò tirẹ̀ rèé lára ògiri ọ́fíìsì, tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ àṣíborí. Wọ́n kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé: *Iṣẹ́ aláwọ̀ ewé, tí kì í ba àyíká jẹ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì kí ọdún mẹ́wàá tó pé.*

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ jáde wá láti yàrá inú. Ó rọra ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní ìwé lásán ni, orúkọ ẹnì kan ni àwọn tó wà lókè ń béèrè. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí, kí ni yóò pàdánù?

"Ọ̀gá, ta ló ń kọ aya tí kò fẹ́ rí?" ni Ìyá Oníná wí. "Ẹ kọ́kọ́ gbà mí síṣẹ́ ná. Bí ẹ bá gbà mí tán, ẹ wá lé mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu akọ̀wé. Nígbà tó rí ojú ọ̀gá, ó gbé e mì.

"Màmá, ṣé ìjọba lẹ fẹ́ bá jà?"

"Rárá o. Iṣẹ́ tí ẹ ní mo ń ṣe ni mo fẹ́ lọ wò."

Ó gba bírò, ó kọ ìlà kan síbi ìbuwọ́lù, ó ká lẹ́tà náà sínú báàgì, ó jáde.

Ní ilé ìwòsàn, iná ìlú kò tíì dé, nọ́ọ̀sì sì ń dá àwọn ìyá padà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìyá Oníná yá àkàbà, ó di aṣọ rẹ̀ mọ́dìí, ó gun òkè. Eruku orí sólà nípọn débi tí ènìyàn lè fìka kọ orúkọ sí i. Wáyà tó yẹ kó lọ sínú bátìrì ṣì wà ní kíká, pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi dì í ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni kò tú u rí.

Ó tú u. Ó nu eruku, ó so wáyà. Nísàlẹ̀, fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, tó ka ìlà ìsàlẹ̀ sókè: *Èmi tí ẹ lé yìí, ẹ ò gbà mí síṣẹ́ rí. Ta ni ẹ gbà?*

Ìyá ọmọ kan tún ìbéèrè náà bi ara rẹ̀. Ó tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ dì, ó béèrè ọ̀nà ọ́fíìsì. Ìyá Oníná àti àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, akọ̀wé wà lórí àga, ó ń ha fọ́tò kúrò lára ògiri. Ojú Ìyá Oníná ti ya lọ. Ó ku àṣíborí.

"Fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Oníná wí, ó sì fa àga kan, ó jókòó. "Ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ la wá bá."