Béèsì Olóyún

Nùréènì kì í pe nǹkan náà ní orúkọ tí àwọn DJ ń pè é. Áktíìfù ni wọ́n ń pè é. Olóyún ni òun ń pè é. Ó ní àpótí béèsì tó bá ti gbé áńpù pamọ́ sínú ikùn ara rẹ̀, oyún ló gbé, lọ́jọ́ tí oyún náà bá sì dà á láàmú, kò sí agbẹ̀bí kankan ní gbogbo Agége tó máa rí i ṣe. Èyí tí òun ń kàn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí Oko Ọba kò ní ohunkóhun nínú ju sípíkà àti afẹ́fẹ́ lọ. Áńpù ọ̀tọ̀ ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó máa fi wáyà fún un lágbára. Ìyẹn ni Nùréènì sọ ní ògidì.

Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń kan ògidì. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Agége ló ti ń rẹ́ pákó, tó ń lẹ̀ ẹ́, tó ń fi ìka kan ìhà àpótí láti gbọ́ bóyá afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Bí ẹ bá gbọ́ béèsì tó mì yín láyà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ọ́gbà, tí ẹ sì ṣèèṣì sọ fún un, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni àwọ̀ tí wọ́n kun àpótí náà. Kí ẹ tó dáhùn tán, á ti sọ fún yín pé òun lòun kàn án. Ọkùnrin náà fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe. Hameedah, àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣe DJ, tó ń kó ẹ̀rọ kiri ibi eré ìdárayá ilé-ìwé àti ibi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, lọ ra béèsì olóyún méjì. Olóyún tí wọ́n fi ike ṣe! Nùréènì fi ìka kan ìhà ọ̀kan nínú wọn, ó dún pọ́kọ́, ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ́jọ́.

"Bàámi, ẹ má bínú," ni Hameedah wí. "Sípíkà òkè méjì tẹ́ ẹ kàn fún mi, mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ láéláé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ béèsì yàtọ̀. Áńpù tó máa ti ògidì yín kó tó dún, èèyàn méjì ló ń gbé e, ìgbà míì sì rèé, èmi nìkan ni mò ń lọ sóde. Tèmi yìí, mo gbé e kalẹ̀, mo ti iná bọ̀ ọ́, mo fa wáyà kan láti ara míksà, ó parí."

"Tí kò bá sí ibi iná nítòsí rẹ̀ ńkọ́? Ògidì ò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wáyà kan báyìí, ibi tó bá wù ẹ́ lo lè gbé e sí."

"Mo ní wáyà iná tó gùn, Bàámi."

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́? Ta ló máa tú u?"

Hameedah gbé àwọn béèsì rẹ̀ wọlé. Ìyẹn dun bàbá ju èébú lọ, nítorí ó mọ̀ pé ọmọ náà ti pinnu. Fún odindi oṣù méjì, kò bi í léèrè òde kankan tó lọ. Sùlíyá, ìyá Hameedah, bẹ̀ ẹ́ títí ó sú u.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn nígbà tí iṣẹ́ kan yọjú ní Ìkẹjà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ike ni, lẹ́yìn òpópónà Ọba Akran. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń pe àwọn òṣìṣẹ́ wọn tìyàwó tọmọ jọ ní Sátidé kan, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu, kí wọ́n jó. Madam Ọlárónkẹ́, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ti gbọ́ orin Hameedah ní ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ l'Ọ́gbà. Ó ní òun máa fi òde yìí dán an wò. Bó bá ṣe é dáadáa, gbogbo òde mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe lọ́dún di tirẹ̀. Bí kò bá ṣe é dáadáa, àwọn á padà sọ́dọ̀ DJ tí àwọn ti ń lò láti ọdún mẹ́fà.

"Ọgbà wa tóbi," ni obìnrin náà sọ. "Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá mọ̀ ọ́n lára pé à ń ṣe fàájì."

Hameedah ò tíì ní iṣẹ́ kan tó dúró ṣinṣin rí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun. Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀, Quadri tó máa ń bá a gbẹ́rù wó sílẹ̀ pẹ̀lú ibà. Kò sẹ́lòmíì tó lè bẹ̀ mọ́ àfi bàbá rẹ̀.

Nùréènì gbà kíá. Mi ò ní purọ́ fún yín nítorí rẹ̀: kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló mú un gbà. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí olóyún ti máa dójú ti ara rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n dé ọgbà ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ti ta àtíbàbà, wọ́n ti to àga, pèpéle sì wà láàárín ilé ìkẹ́rùsí méjì. Hameedah gbé béèsì kan sí ọ̀tún pèpéle, ó gbé ìkejì sí òsì, ó sì gbé sípíkà òkè tí bàbá rẹ̀ kàn lé wọn lórí. Áńpù kékeré tó ń ti àwọn sípíkà òkè wà lábẹ́ tábìlì. Ó tan orin sí i jẹ́jẹ́ láti fi dán an wò. Ó ku kó fa wáyà láti ara míksà tó fi ń darí orin sí àwọn béèsì, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ́kọ́ bá oníná ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ nípa jẹnẹrétọ̀.

"Bàámi, ẹ má tíì fọwọ́ kan wáyà kankan o. Mò ń bọ̀."

Nùréènì ní òun gbọ́. Ó yí ká, ó ń wo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó rí wáyà tó kúrò lára áńpù lọ sára sípíkà òkè ọ̀tún. Ó rí ti òsì. Ó wo béèsì: wáyà iná nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó ti ara áńpù wá síbẹ̀.

Háà, ọmọ yìí ti gbàgbé!

Àánú rẹ̀ ṣe bàbá, inú bàbá náà sì dùn díẹ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún, kò rí àpótí kan rí tó fọhùn láìjẹ́ pé wọ́n fa wáyà sí i láti ara áńpù. Ó lọ yọ wáyà kan nínú báàgì, ó ki orí kan sẹ́yìn áńpù, ó ki orí kejì sínú ihò tó wà lẹ́yìn béèsì ọ̀tún. Ó wọlé wẹ́rẹ́, àfi bíi pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe lu ihò náà. Ó wá yí bọ́tìnnì áńpù sókè, kí ọmọ rẹ̀ lè bá a tó ti ń dún.

Béèsì náà ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́. Iná pupa kan tàn lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òórùn jáde, òórùn nǹkan tó jó tí gbogbo ẹni tó bá ti bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ rí mọ̀.

Òórùn náà ló kọ́kọ́ pàdé Hameedah bó ṣe ń bọ̀. Ó wo wáyà náà láti ara áńpù títí dé ẹ̀yìn béèsì. Bàbá rẹ̀ ń retí kó pariwo. Kò pariwo. Ó yọ iná, ó yọ wáyà, ó lóṣòó síbẹ̀.

"Ohun tó ń jáde lára áńpù ti lágbára jù fún un, Bàámi. Ó ti ní tiẹ̀ nínú. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó ń wá láti ara míksà ló nílò."

"Mo rò pé o gbàgbé ni."

"Mo mọ̀, Bàámi."

Ká ní ó bú u ni, ìbá sàn. Ojú ti Nùréènì débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Ó ní kí òun sáré lọ gbé ògidì méjì wá láti ṣọ́ọ̀bù. Kó tó sọ̀rọ̀ náà tán ni òun fúnra rẹ̀ ti rí i pé áńpù kékeré yẹn ò lè ti ògidì, gbogbo ọgbà yẹn ò sì ní òmíràn.

Hameedah ti dìde. Ó fa wáyà míksà sí béèsì òsì, ó tan án. Ó dáhùn! Ohùn rẹ̀ pé, kò sí nǹkan kan tó ṣe é, nítorí áńpù tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó kàn án nínú àjálù ẹnìkejì rẹ̀. Nùréènì dúró, ó ń rò ó. Bó bá jẹ́ pé ògidì méjì ni wọ́n gbé wá, tó sì jẹ́ pé áńpù tó ń ti méjèèjì ni òun jó, kò ní sí béèsì kankan lọ́wọ́ wọn báyìí. Kò sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ó rìn lọ sẹ́yìn pátápátá, níbi àga tó kẹ́yìn, ó tẹ́tí.

Kò mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀kan ṣoṣo ò tó fún ọgbà náà, aago mẹ́wàá sì ti lù. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti padà wá bá a. Ó lọ fi ìka kan ògiri ilé ìkẹ́rùsí tó wà lọ́tùn-ún. Páànù ni, ìyẹn á máa gbọ̀n jìgìjìgì ni. Ó kọjá sí òsì, ó kan ògiri ibẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni, ó ki, ó sì pàdé ògiri ọgbà ní igun kan.

"Hameedah! Gbé e wá síbí."

"Ó ti jìnnà sí pèpéle, Bàámi."

"Béèsì ò mọ iwájú, kò mọ ẹ̀yìn. Gbogbo ibi ló ń lọ. Èyí tó bá lọ sẹ́yìn, ògiri méjì yìí ló máa dá a padà fún wa. Gbé e wá."

Hameedah wo ojú bàbá rẹ̀. Ó gbé e. Wọ́n jọ fa wáyà iná gígùn, wọ́n fa ti míksà, wọ́n ti ìdí àpótí náà wọnú igun. Hameedah yí bọ́tìnnì kan lẹ́yìn rẹ̀ síwá sẹ́yìn títí ohùn rẹ̀ fi bá ti sípíkà òkè mu. Ó wá tan orin. Nùréènì wà lórí àga tó kẹ́yìn, béèsì náà sì gba ilẹ̀ wá bá a, ó gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ àyà rẹ̀. Máìgádì tó wà lẹ́nu géètì yíjú padà. Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

Títí di ọ̀sán, kò kúrò ní ẹ̀yìn yẹn. Kò rí ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ rí, ẹ ò rí i bí? Gbogbo òde tó ń lọ, ẹnu Sùlíyá ló ti ń gbọ́ ọ. Ó rí i bó ṣe ń wo ojú èèyàn kó tó yan orin. Ó rí i bó ṣe mú àwọn ọmọdé jó títí ó fi rẹ̀ wọ́n, tó sì rọra yí i sí orin àwọn àgbà. Àwọn ọkùnrin tó ń bá ẹ̀rọ jà látàárọ̀ Mọ́ńdè gbé abọ́ wọn kalẹ̀, wọ́n dìde. Ìdùnnú gba àyà Nùréènì kan. Ọmọ tòun ni!

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ni Madam Ọlárónkẹ́ wá bá wọn.

"Béèsì méjì ni mo rí, ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́. Kí ló ṣe ìkejì?"

"Ìṣòro díẹ̀ ni, mà. A máa tún un ṣe." Hameedah ò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí bàbá rẹ̀ wà rárá.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè mọ́. Nùréènì sún síwájú.

"Èmi ni mo jó o, madam. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án, mo fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kan àpótí sípíkà, mo sì bá a jà nítorí pé kì í ṣe irú tèmi ló rà. Ká ní irú tèmi la gbé wá ni, tí mo sì jó áńpù tó ń tì wọ́n, ẹ kì bá tí gbọ́ béèsì kankan lónìí. Èyí tó yàn ló kó wa yọ. Ó mọ̀ ọ́n yàn."

Ẹnu rẹ̀ ò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí nípa àpótí tí kì í ṣe òun ló kàn án.

"Bàámi ló mọ ibi tó yẹ ká gbé e sí, mà," ni Hameedah sọ. "Èmi kì bá tí mọ̀."

Madam Ọlárónkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹnu géètì ni mo dúró sí, àyà mi ń mì. DJ tá a ń lò tẹ́lẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa rí. Hameedah, òde oṣù tó ń bọ̀, tìẹ ni, àti àwọn tó kù." Ó yọ fóònù rẹ̀. "Bàbá, mo fẹ́ nọ́ńbà tiyín náà. Orúkọ wo ni kí n fi pa mọ́?"

Ní ọjọ́ mìíràn, ìbá sọ pé Nùréènì, káfíńtà sípíkà, Oko Ọba, ìbá sì fi ọgbọ̀n ọdún rẹ̀ lé e. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń ká wáyà lọ́wọ́.

"Ẹ kọ Bàbá DJ," ló wí. "Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí.