Èèkàn Nọ́ọ̀sì Dinah

Nígbà tí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú méje, Nọ́ọ̀sì Dinah Bámigbóyè ti gbá ilẹ̀ ilé ìwòsàn kékeré Ìdí-Ìyeyè, ó ti gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára sórí tábìlì, ìyá mẹ́rin sì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Síbẹ̀, fóònù rẹ̀ sọ pé Dinah kò sí níbi iṣẹ́.

Ètò tuntun ni. Kò sí ìwé tí òṣìṣẹ́ ń buwọ́ lù láàárọ̀ mọ́. Kí aago mẹ́jọ tó lù, kálukú yóò ya ojú ara rẹ̀ sórí fóònù níbi iṣẹ́ rẹ̀, fóònù yóò sì wò ó bóyá ibẹ̀ ló wà lóòótọ́. Bí àmì aláwọ̀ ewé bá yọ, ó dé. Bí pupa bá yọ, kò dé. Ẹni tí pupa bá yọ fún ní ọgbọ̀n ọjọ́, orúkọ rẹ̀ yóò kúrò nínú ìwé owó oṣù. Àwọn òṣìṣẹ́ orí ìwé, tí ẹnikẹ́ni kì í rí sójú, ni wọ́n dẹ ẹ́ dè. Dinah fúnra rẹ̀ yìn ín. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́, méjì ló kù kí ó fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ kọkànlá tí pupa ń yọ nìyí. Ní ọ̀sán, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìlobù, sọ́dọ̀ Nehemiah, akọ̀wé tó ń mójútó ètò náà.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ̀yin náà ti ń sá níṣẹ́ lọ́jọ́ ogbó?" Ó rẹ́rìn-ín, ó yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Ẹ̀rín náà kú. "Àwọn tó ya àwòrán ilẹ̀ ló ṣì í, mà. Apá ọ̀tún títì ni ilé ìwòsàn yín wà. Apá òsì ni wọ́n fi sí, láàárín oko."

"Bá mi tún un ṣe."

"Kò sí lọ́wọ́ mi, mà. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ ìlú báyìí ni ó wà: Ìlobù ni àbí Ìfọ́n."

"Nehemiah, ṣé ọmọ àdúgbò yìí ni ọ́ ṣá?"

"Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti wá, mà."

"Mo mọ̀."

Ẹni tó bá mọ Ìlobù àti Ìfọ́n mọ̀ pé lẹ́tà yẹn kò ṣeé kọ. Ìjà ààlà wọn ju Dinah lọ lọ́jọ́ orí. Ohun tó mú ilé ìwòsàn náà dúró ni pé kò sẹ́ni tó béèrè ilẹ̀ ta ni. Lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ìyá Ìlobù a máa bá ìyá Ìfọ́n gbé ọmọ.

Ní ọjọ́ kejì, ó sọdá títì, ó gbé fóònù sókè, ó wọ oko ẹ̀gẹ́ Baba Àkànmú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ó gbé òmíràn, ó dúró. Ní ẹsẹ̀ kẹtàlélọ́gọ́rin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gán kan, àwọ̀ ewé yọ. "A dúpẹ́ o!" bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kí ó má baà máa ka ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, ó gún igi kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó so báńdéèjì funfun mọ́ ọn lórí.

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ó yẹ kí ó mọ̀ pé lórí ilẹ̀ yẹn, igi tí a bá gún mọ́lẹ̀ kì í ṣe igi mọ́. Èèkàn ni.

Lọ́jọ́ kẹfà, ó bá Baba Àkànmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gán, àdá lábẹ́ apá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ta ló ní kí ẹ wá wọn ilẹ̀?"

Dinah kúnlẹ̀ sínú ìrì. "Baba, n kò wọn ilẹ̀. Fóònù ni." Ó ṣàlàyé títí. Ó ya ojú ara rẹ̀ níṣojú bàbá náà. Àwọ̀ ewé yọ.

Baba Àkànmú gba fóònù náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Wọn kò rí yín nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún yín, inú ẹ̀gẹ́ mi ni wọ́n ti ń rí yín? Ẹ̀gẹ́ mi náà ti di òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn!" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo gbà yín gbọ́. Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí ìyàwó ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n èèkàn kì í ṣàlàyé ara rẹ̀. Nílé wa ní Ìlobù, wọ́n ní Ìfọ́n ló rán yín. Mo gbọ́ pé ní Ìfọ́n, wọ́n ní àwa la rán yín."

Dinah fa igi náà tu lójú ẹsẹ̀. Ihò rẹ̀ kò ju ìka lọ. Ìròyìn rẹ̀ ti dé ìlú méjèèjì.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ àjẹsára. Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú, ọmọ mọ́kànlélógójì ló wá. Ní Ọjọ́rú yìí, ẹnì kankan kò wá. Lọ́sàn-án, Dinah gbéra lọ sí Ìfọ́n, sílé Màríámọ̀, abiyamọ kan tí ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́sàn-án ń wúkọ́. Màríámọ̀ kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n kò ní kí ó wọlé.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Bàbá ọmọ yìí ló sọ pé káàdì àjẹsára àwọn ọmọ ni wọ́n fi ń ka àwa tó wà lórí ilẹ̀, kí wọ́n lè sọ pé ti apá kejì ni wá."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀." Ó fa ọmọ náà mọ́ra. "Ṣé ẹ ṣì ń lọ dúró nínú oko yẹn, mà?"

Dinah rò ó wò. Bí ó bá ṣì ń lọ, bẹ́ǹṣì yóò ṣófo. Bí ó bá ṣíwọ́, orúkọ rẹ̀ yóò kúrò nínú ìwé, wọn kò sì ní rán ẹlòmíràn wá sí Ìdí-Ìyeyè.

"Mo ṣì ń lọ."

"Ẹ ṣeun tí ẹ kò parọ́ fún mi." Màríámọ̀ rọra ti ilẹ̀kùn.

Ní òpin oṣù kejì ètò náà, àtẹ̀ránṣẹ́ Nehemiah wọlé sórí Wásáàpù: "Ẹ kú oríire, mà! Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá àkọ́kọ́, ẹ ò pa ọjọ́ kan jẹ. Ẹ̀yin ni àpẹẹrẹ wa."

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán ni Dinah ti kà á. Ó gbé fóònù sójú. Àwọ̀ ewé yọ. Ó sọdá títì padà, ó ṣí ìwé àwọn aláìsàn, ó kọ déètì sókè ojú ìwé tuntun, ó jókòó. Bẹ́ǹṣì ṣófo. Yìnyín inú kúlà ń yọ́. Níbì kan lẹ́yìn igi ìyeyè, ọmọdé kan wúkọ́. Dinah dìde, ó jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró. Ikọ́ náà ń jìnnà lọ.