Ìlà Mẹ́ta Tí Tíṣà Fò

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹni tí yóò kọ̀wé àti ẹni tí yóò kà á jọ wà láàyè. Ẹ bá mi lọ sí Makun-Omi, sí òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ní ọdún 1964.

Gbogbo ìjọ ti dìde dúró kí Tíṣà Jáfẹ́tì Oyèbọ̀dé tó fi ọ̀bẹ já okùn ara ìwé náà. Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé ìjọ, òun náà ló sì ń darí ìsìn nígbà tí àlùfáà kò bá sí nítòsí. Lẹ́yìn Sípórà ẹlẹ́ja, aládùúgbò rẹ̀ Léà ti ń jó díẹ̀díẹ̀.

"Léà, ẹ jẹ́ ká kà á ná," Tíṣà wí.

"Ẹsẹ̀ mi ló ń jó, Tíṣà. Èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Ìjọ rẹ́rìn-ín.

Ìwé àwọn tó ti jáde ní yunifásítì ni. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, olúkúlùkù a sì kọ bí ayé ṣe rí fún un sínú rẹ̀: ẹni tó di dókítà, ẹni tó di ọ̀gá ilé-ìwé, ẹni tó bí ìbejì. Ọdún tí wọ́n jáde ni wọ́n fi ń tò wọ́n, láti orí àwọn àgbà àkọ́kọ́ títí dé orí àwọn ọmọ àná. Nígbà tí Adémúyìwá, ọmọ kan ṣoṣo tí Sípórà bí, jáde ní ọdún 1959, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Tíṣà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìjọ náà tó dé yunifásítì, nítorí náà ìjọ sọ ìwé yìí di àkọ́so. Wọn kì í ṣí i nílé. Bó ti wù kó pẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà tó, iwájú pẹpẹ ni wọ́n ti ń já okùn rẹ̀. Tíṣà a máa fi ìka tẹ̀lé ìlà, a máa sọ èdè òyìnbó inú rẹ̀ di Yorùbá bó ti ń lọ, lẹ́yìn náà ni Sípórà yóò gbé agbọ̀n ẹja ọ̀bọ̀kún yíyan jó lọ síwájú.

Ìgbà karùn-ún nìyí. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n gbọ́ pé Múyìwá ti wọ iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn. Lọ́dún kejì, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ìlú òyìnbó. Lọ́dún kẹta, ó padà dé. Lọ́dún kẹrin, wọ́n fún un ní ilé tó ní ọgbà. Sípórà mọ gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni mọ Sáàmù. Múyìwá kò wá sílé láti ìgbà tó ti dé láti òkè òkun, wọ́n ní iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ìyá rẹ̀. Nígbà Kérésìmesì tó kọjá, tí Hesekáyà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, lọ tọ́jú ojú ní Ìbàdàn, Múyìwá fi ìborùn àrán kan rán an sí Sípórà. Ìborùn náà ló wà léjìká rẹ̀ láàárọ̀ yìí.

"Àwọn tó jáde ní 1959," Tíṣà kà. Ìka rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀. "Adémúyìwá rèé. Ó ti gbéyàwó."

Ìjọ hó fún ayọ̀. Sípórà di agbọ̀n mú dáadáa. Ó kọ́kọ́ dùn ún pé wọn ò sọ fún òun, ṣùgbọ́n ayọ̀ bo ìyẹn mọ́lẹ̀ kíá. Bóyá lẹ́tà náà sọnù lójú omi ni.

"Lará ni orúkọ ìyàwó, ọmọ lọ́yà kan ní Ìbàdàn. Oṣù Kejìlá ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ìka Tíṣà ń lọ, ẹnu rẹ̀ kò lọ mọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó kí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ kàwé. Ẹ jẹ́ ká kọrin ọpẹ́."

Sípórà kò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ló ti fi ń wo ìka yẹn.

"Tíṣà, ìka yín ti kọjá ìlà mẹ́ta tí ẹnu yín ò kà."

"Ìyá Múyìwá, màá wá kà á fún yín nílé."

"Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara rẹ̀ yá."

"Ẹ kà á nígbà náà. Ibi tí ẹ ti ń ka ayọ̀ fún mi ni kí ẹ ti ka ìyókù."

Tíṣà wo ìwé, ó wo ìlà iwájú níbi tí Hesekáyà dúró sí, ó tún wo ìwé. Kò purọ́ níwájú pẹpẹ rí.

"Wọ́n ní ó dun ọkọ ìyàwó," ó kà, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "pé bàbá àti ìyá rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa, wọn kò sí láyé láti rí ọjọ́ náà. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Hesekáyà ti Makun-Omi, ló dúró gẹ́gẹ́ bí òbí."

Ìró omi ọ̀sà ń wọlé láti ẹ̀yìn ògiri. Òótọ́ ni pé Sakaráyà, ọkọ Sípórà, ti kú. Ibojì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Sípórà rèé lórí ìdúró, òórùn èéfín ẹja lára rẹ̀.

"Bàbá," ó wí fún Hesekáyà, "ẹ ní ojú lẹ lọ tọ́jú."

"Mo tọ́jú ojú." Hesekáyà yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń fi etí agbádá nù ún. "Mo tọ́jú ojú lóòótọ́."

"Ẹ sì fi ojú tuntun náà wo ìgbéyàwó ọmọ mi."

"Ìyá Múyìwá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì."

"Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti gbọ́ ikú mi."

Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀ níbi tó dúró sí, kò jó, ó sì jáde.

Léà ló kọ́kọ́ bá a délé. Ó bá a nídìí ààrò, ó ń wo ẹja tí kò yí padà, apá kan ti ń jóná.

"Òkú wa ọ̀wọ́n," Léà wí, ó sì fa àpótí jókòó, "ẹ yí ẹja yín."

Sípórà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn díẹ̀, ó sì di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Léà bá a yí ẹja náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni Hesekáyà dé, ó mú Tíṣà lẹ́yìn. Ó jókòó tìtìjú tìtìjú.

"Kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó ló kọ́kọ́ sọ pé o kú," ó bẹ̀rẹ̀. "Láti ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni. Ṣé o rántí ọjọ́ tí o lọ bẹ̀ ẹ́ wò?"

Sípórà rántí. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wọ ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà, ó gbé ẹja yíyan lọ fún ọmọ rẹ̀. Múyìwá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó mú un gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ní òfin ibẹ̀ kò gba àlejò. Bí wọ́n ti dúró, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọjá, ó bi Múyìwá léèrè nǹkan kan lédè òyìnbó. Múyìwá fèsì ní kúkúrú. Sípórà rò pé ó ń fi òun han ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó tilẹ̀ mú ẹja méjì fún un.

"Ọmọ yẹn bi í pé ta ni ọ́," Hesekáyà wí. "Múyìwá ní ẹlẹ́ja ni. Nígbà tí wọ́n wá ń bi í léèrè ìyá rẹ̀, ó ní ó ti kú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó ń sunkún. Bóyá kò rò pé ìwé yẹn ṣì ń dé ibí. Irọ́ náà ti dàgbà kọjá ohun tó lè pa."

"Ẹ̀yin wá bá a bọ́ ọ."

Hesekáyà tẹrí ba. Tíṣà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó fi kọ́ Múyìwá ní ABD, tó fi kọ lẹ́tà tó mú un wọ ilé-ìwé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó fi bẹ alàgbà kan ní Àgọ́-Ìwòyè pé kó gbà á sílé.

"Gbọ́ ìyókù," Hesekáyà wí. "Ìyàwó rẹ̀ ti lóyún. Múyìwá ní tó bá bí, kí o wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Yàrá kan wà nínú ọgbà. Ìwọ ni wàá máa wẹ ọmọ, ìwọ ni wàá máa pọ̀n ọ́n. Kìkì pé..."

"Kìkì pé kí ni?"

"Kí o jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀. Àǹtí tó tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá."

Sípórà wo apá rẹ̀ méjèèjì, tí iná ààrò ti fi àpá sí láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọwọ́. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ọmọ tirẹ̀ ti sùn sí wọn. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ lọ. Kò purọ́ fún ara rẹ̀ nípa ìyẹn: ọkàn rẹ̀ fẹ́ dìde lónìí, kó di ẹrù, kó lọ.

"Bí ẹ bá lọ," Léà wí, ó rọra ń kó eérú jáde, "àwa tí a wà níbí, kí ni ká máa pè yín? Ìyá Múyìwá ti kú."

Sípórà fi etí ìborùn nu ojú.

"Tíṣà, ẹ mú bírò," ó wí. "Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ti ń kọ ọ́ nínú ìwé yẹn."

Tíṣà mú bírò.

"Ẹ kọ: Ìyá Adémúyìwá tó jáde ní ọdún 1959 wà láàyè ní Makun-Omi. Ẹja ló fi rán an níwèé, ẹja náà ló ṣì ń yan. Ó kí ọmọ rẹ̀ kú oríire ìyàwó. Kò ṣàìsàn."

"Kò ṣàìsàn," Tíṣà tún un sọ, ó ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá, àwọn oníwèé náà lè máà gbà á. Àwọn tó jáde níbẹ̀ nìkan ló ń kọ ọ́."

"N kò ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Múyìwá ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Òun ló kọ ọ́ pé mo kú, òun ni kó kọ ọ́ pé mo wà láàyè, níbi tó ti kọ ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ tó bá kọ ọ́, màá wá gbé ọmọ."

"Bí kò bá kọ ọ́ ńkọ́?" Hesekáyà béèrè.

Sípórà yíjú sí Tíṣà. "Ti ọdún tó ń bọ̀, Tíṣà, ẹ má ṣí i nílé o. Iwájú pẹpẹ ni kí ẹ ti já okùn rẹ̀. Màá gbé agbọ̀n mi wá. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fo ìlà kankan."

Ó gba bírò náà. Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé gidigidi, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn: *Ìyá Múyìwá*.

Lẹ́yìn náà ó bọ́ ìborùn àrán kúrò léjìká, ó ká a, ó sì gbé e lé Hesekáyà lórí itan.

"Ẹ bá mi fún ìyàwó. Ẹ ní kó fi pọn ọmọ." Ó dìde, ó mú igi, ó kó o sí ààrò. "Tó bá bi yín pé ta ló fi ránṣẹ́, Bàbá, ẹ má sọ pé ẹlẹ́ja."

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ìsìnkú yín lẹ́nu ọmọ yín. Kí ẹni tí ẹ bí má tijú yín, kí ẹ̀yin náà má sì tijú ẹni tó bí yín. Kí a máa fi orúkọ tó dùn mọ́ yín jù lọ pè yín títí dọjọ́ alẹ́ yín. Àmín.