Oríkèé Òpó Tokuji

Kì í ṣe fífì tí ẹnubodè tẹ́ḿpìlì fì ló bí Kinuyo nínú. Yìnyín ọdún yẹn wúwo ní agbègbè Hida, òrùlé tó wó kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tó bí i nínú ni bí Horibe, olórí ìgbìmọ̀ tẹ́ḿpìlì, ṣe mu tíì tán, tó gbé ife kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó wá sọ lójú gbogbo ènìyàn pé iṣẹ́ Tokuji ló tú.

Tokuji ni bàbá Kinuyo, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti kú láti ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ẹsẹ̀ òpó ọ̀tún ẹnubodè náà jẹrà láyé ìjọ́hun, òun ló gé e kúrò, tó fi igi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó gbẹ́ igi méjèèjì títí wọ́n fi wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́ ọ̀tún ṣe ń wọ àárín ìka ọwọ́ òsì, ó sì fi èèkàn igi kan ṣoṣo tì í. Kò sí ìṣó níbẹ̀. Wọ́n wá fi pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí há òkè àjà, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó bá tún ilé mímọ́ ṣe.

Horibe ní, “Iṣẹ́ tí kò ní ìṣó nínú, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ ká fi irin dè é. Ká sì yọ pákó orúkọ yẹn, kí ẹni tó bá tún un ṣe fi tirẹ̀ síbẹ̀.”

Àlùfáà àgbà tẹ́ḿpìlì tẹjú mọ́ inú ife rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan já sínú rẹ̀. Kinuyo wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí kẹ́tùlù, torí tíì bíbù ni wọ́n pè é wá ṣe. Ó rántí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tí Horibe gbé fìtílà irin ńlá kan wá ta tẹ́ḿpìlì lọ́rẹ, tí orúkọ ara rẹ̀ wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Kí wọ́n lè fi fìtílà náà kọ́ sí ẹnubodè, wọ́n lu òpó ọ̀tún yẹn já, wọ́n ki bóòtù irin bọ̀ ọ́, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sókè oríkèé tí Tokuji ṣe. Tokuji lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní irin máa ń làágùn nígbà òtútù, omi á sì tẹ̀ lé e dé àárín igi. Horibe bi í léèrè pé bí iṣẹ́ rẹ̀ bá lágbára, kí ló dé tó ń bẹ̀rù ihò kan? Bàbá Kinuyo darí wálé, ó gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó fi ń jẹun kalẹ̀, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kinuyo gbé kẹ́tùlù kúrò lórí iná.

“Bàbá Horibe, ẹ dákun, ẹ má tíì fọwọ́ kan pákó yẹn. Ẹ jẹ́ ká tú òpó náà, kí gbogbo yín wo inú rẹ̀. Bí oríkèé bàbá mi bá ti bàjẹ́, èmi fúnra mi ni màá gun àkàbà lọ yọ orúkọ rẹ̀.”

“Ta ni yóò tú u? Ìwọ tó ń bu tíì?”

“Èmi tó ń bu tíì ni.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, àwọn ọkùnrin méjì tó ti bá Tokuji ṣiṣẹ́ rí fi jáàkì gbé ìtì igi òkè ẹnubodè dúró. Àwọn ará abúlé yí wọn ká. Kinuyo fi àtàǹpàkò wá orí èèkàn náà, nítorí wọ́n ti fá a dán débi pé ojú kò lè rí i. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ níṣẹ́ igi nílé, ó sì ti sọ fún un pé ìhà ìlà oòrùn ni èèkàn máa ń jáde sí. Ó fi òòlù igi lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Èèkàn yọ. Wọ́n ti ìsàlẹ̀ òpó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì yọ jáde jẹ́jẹ́ bí àpótí tí wọ́n ń fà jáde nínú tábìlì.

Inú oríkèé náà gbẹ, ó ń dán bí èèpo ẹyin. Ìlà tàdáwà tí Tokuji fi wọn igi ṣì dúdú síbẹ̀. Wọ́n sọ fìtílà kalẹ̀, Kinuyo wá tú bóòtù rẹ̀, ó fà á. Omi aláwọ̀ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni igi tó ti di lẹ́búlẹ́bú ń ya lulẹ̀.

Ìyá Shige, tó dàgbà jù ní abúlé, tẹ̀ síwájú, ó wo ihò náà dáadáa.

“Horibe,” ó ní, “fìtílà rẹ yìí wúwo tó ẹnu rẹ.”

Horibe sọ nǹkan kan nípa ojú ọjọ́, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ gbé páálí àkàrà ẹ̀wà oníṣúgà wá, wọ́n fi aṣọ aláró dì í. Kinuyo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹríba, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà.

“Ẹ bá mi kí wọn, mà. Ẹ sọ fún wọn pé ojú àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn ni kí wọ́n ti wá kó o jẹ. Mi ò lè bá wọn fi àkàrà gbé e mì.”

Ó gba Kinuyo ní ọjọ́ mẹ́wàá kó tó gé ibi tó jẹrà kúrò, tó fi igi gbígbẹ dí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ so òpó náà padà, Horibe dé. Ó ṣí fìlà, ó sì ń kùn wúyẹ́wúyẹ́.

Ìyá Shige ní, “A ò gbọ́ o, àwa tá a wà lẹ́yìn.”

Horibe gbóhùn sókè. “Tokuji kìlọ̀ fún mi, mi ò gbà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò tú.”

Kinuyo na òòlù sí i, ó di èèkàn mú fún un. Horibe lù ú lẹ́ẹ̀kan, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí igi má ké. Kinuyo wò ó, ó sì gba òòlù rẹ̀ padà. Èyí tó kù, òun fúnra rẹ̀ ló lù ú wọlé.