Aṣọ Ìkélé Ẹnu Géètì

Ọjọ́ tí wọ́n tú ìró Fàúsát ní ẹnu géètì ni Sùlíyá búra pé òun ò ní gbà mọ́. Oyún oṣù méje ló wà nínú Fàúsát, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ níléeṣẹ́. Síbẹ̀ wọ́n mú un lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ kákí ló dì sábẹ́ ìró. Kákí kẹ̀! Obìnrin tí wọ́n gbà láti máa yẹ ara wò tẹ̀ ẹ́ níkùn títí, kò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju ọmọ tó ń tàpá lọ. Fàúsát sunkún láti Ìkẹjà dé Agége, Sùlíyá sì ń bá a rìn, inú ń bí i.

Ọdún 1958 ni. Ṣẹ́ẹ̀tì kákí ni wọ́n ń rán níléeṣẹ́ náà, ọ̀gá òyìnbó sì ti rí i pé aṣọ ń ṣòfò. Ìgàn tó yẹ kó di ogún ṣẹ́ẹ̀tì, méjìdínlógún ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Ó ní bí òfò náà ò bá dáwọ́ dúró, obìnrin méjìlá ló máa lọ sílé lópin oṣù. Ọlọ́runníyì tó jẹ́ fọ́máànù bá sọ fún un pé àwọn obìnrin ló ń jí i. Bí wọ́n ṣe ta odindi kákí bí aṣọ ìkélé sí ẹnu géètì nìyẹn, tí wọ́n ń tú ìró àwọn ìyá ọlọ́mọ lẹ́yìn rẹ̀ nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Sùlíyá mọ ibi tí aṣọ ń lọ, nítorí òun ló ń kó àgékù sínú àpò, tó ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sun ún. Télọ̀ ni Jẹ̀lílì, bàbá rẹ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ sì mọ ohun tí ayé ń sọ nípa télọ̀, pé kò sí èyí tí kì í jẹ aṣọ. Jẹ̀lílì kò fẹ́ irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Bó bá rán agbádá tán, á di gbogbo àgékù rẹ̀ mọ́ ọn, títí kan èyí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Bí oníbàárà bá ń fura, Sùlíyá kékeré á tẹ́ àgékù náà sórí ẹní, á tò wọ́n pọ̀ títí aṣọ á fi pé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tó kan Sùlíyá láti wọ ẹ̀yìn ìkélé, kò wọ ibẹ̀. Ó padà lọ gbé àpò àgékù ọjọ́ náà, ó gbé àwọn pàálí tí wọ́n ń tẹ́ sórí aṣọ láti fi gé e, ó sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú géètì. Ọlọ́runníyì ní kó kó o kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó má wá lọ́la. Ó ní ẹni tí kò jalè kò gbọdọ̀ bẹ̀rù kí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò.

Sùlíyá kò gbójú sókè. “Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta, fọ́máànù. Ẹ̀yin ẹ máa tọ̀ ọ́. Aṣọ lèmi mọ̀.”

Ariwo tí fọ́máànù ń pa ló mú ọ̀gá òyìnbó jáde. Sùlíyá tẹ́ pàálí apá ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bí àwọn agéṣọ ṣe máa ń tẹ́ ẹ, gbogbo orí tó fẹ̀ sápá kan, gbogbo ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín sápá kejì. Ó wá ń mú àgékù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n dí àlàfo àárín wọn. Wọ́n wọ ibẹ̀ rẹ́gí bí eyín inú erìgì. Kò sí èyí tó dín. Lẹ́yìn náà ló kó àgékù kúrò, ó yí pàálí kejì padà, orí di ìsàlẹ̀, ó sún un mọ́ èkíní, àlàfo bá pa dé. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ yí ìkẹta padà. Ó ní kí Ọlọ́runníyì sọ fún obìnrin náà pé lọ́la, kó wá fi han àwọn agéṣọ lórí kákí tuntun.

Sùlíyá kó àwọn pàálí náà jọ, ó sì jókòó lé wọn lórí.

“Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò fọwọ́ kan kákí tuntun. Kákí tó ń ṣòfò ló wà lẹ́nu géètì yẹn. Òun ni màá gé, òní náà ni màá sì gé e. Ẹ̀yin fúnra yín, fọ́máànù, ni kí ẹ tú u wá.”

Ọlọ́runníyì ní òun ò lè túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ibi tí ìka Sùlíyá nà sí, ó rí ojú àwọn obìnrin tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ó sì rí àlàfo tó ti pa dé. Ó mi orí sí fọ́máànù pé kó tú u.

Àga ni Ọlọ́runníyì gùn kó tó lè tú okùn ìkélé náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbé kákí náà dé, Sùlíyá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó to pàálí lé e, orí kan, ẹsẹ̀ kan. Ó wá na àlùmọ́gàjí sí Fàúsát, tí ojú rẹ̀ ṣì wú.

“Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ gé e.”

Fàúsát fi ọwọ́ kan gbá ikùn rẹ̀ mú, ó kúnlẹ̀, ó sì ti àlùmọ́gàjí bọ aṣọ ìkélé náà.