Waya Tí Orysia Tò

Nígbà tí kámẹ́rà tí Larissa ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Vancouver dé, Nestor Bodnar gbé páálí rẹ̀ ka orí tábìlì ìdáná, kò sì tú u. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti ń jẹun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti ń mu kọfí. Bí ọmọ náà bá pè tó bi í pé, "Tato, bàbá mi, ṣé ẹ ti so ó mọ́ katakata?" á ní, "Ilẹ̀ ṣì tutù, ọmọ mi. A ò tíì máa gbìn."

Kò purọ́, ilẹ̀ tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù ló ń dá a dúró.

Orysia ìyàwó rẹ̀ kú nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí yìnyín bo ọ̀nà oko wọn mọ́lẹ̀ débi pé katakata la fi la ọ̀nà kí ọkọ̀ tó wá gbé e tó lè kọjá. Gbogbo àwa tí à ń dáko ní apá Saskatchewan níbí la mọ bí àwọn méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí àkókò ìgbìn bá dé, Nestor á wà lórí katakata, á máa wọ́ ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn tó fẹ̀ ju ilé rẹ̀ lọ. Orysia á máa wa ọkọ̀ kékeré tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára àwọn ọ̀pá rọ́bà tí irúgbìn ń gbà bọ́ sínú ilẹ̀. Bí amọ̀ bá dí ọ̀kan nínú wọn, á pariwo lórí rédíò tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀ lóko pé, "Dúró níbẹ̀, ìwọ ọkùnrin yìí! Atẹ́gùn lò ń gbìn o!" Àwa tí rédíò wa wà lójú kan náà á gbọ́, a ó sì rẹ́rìn-ín nínú oko tiwa.

Ọjọ́ tí Nestor kọ́kọ́ dá jáde lọ gbìn, ó ń dúró, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń rìn yí ẹ̀rọ náà ká, ó ń padà gòkè. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́ títí òun á fi dé òpin ilẹ̀. Ibi tó dé òpin ilẹ̀ náà ló ti rí i pé ọ̀pá mẹ́ta ti dí. Kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ilẹ̀ dúdú tó lọ salalu títí tó fi kan ojú ọ̀run. Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ ọn. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló padà sílé tó tú páálí náà.

Síso kámẹ́rà náà kò le. Wọ́n á gbé ojú rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn, wọ́n á gbé gíláàsì kékeré tó ń fi àwòrán hàn síwájú awakọ̀. Iná tí yóò máa jẹ ló kù, inú waya katakata ló sì ti máa mú un. Nestor ṣí pátákó tó bo àwọn waya lẹ́yìn ìjókòó. Ó dá ọwọ́ dúró.

Kò tíì wo inú ibẹ̀ rí. Orysia ló ni iṣẹ́ iná. Bàbá rẹ̀ ló fa iná sí ìdajì àwọn ilé tó wà ní abúlé tí wọ́n bí i sí, láti kékeré ló sì ti ń bá a di waya mú. Láti ọdún tí ó ti fẹ́ Nestor, bí iná kan bá kú lóko, Nestor á kàn ní, "Orysia, ohun kan ń ṣe é," á sì lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ní báyìí ó wá ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn waya náà tò bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Kò sí èyí tó lọ́ mọ́ra, kò sí èyí tó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Gbogbo oríkèé ló wọ awọ rọ́bà dúdú tó fún mọ́ ọn pinpin. Ó fi ìka kan ọ̀kan, ó ń dán. Ó ti pátákó náà, ó wọ ọkọ̀, ó kọrí sí ìlú.

Delphine Gaudry ló ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ nílùú wa. Ó ti ju ọmọ ogójì ọdún lọ dáadáa, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò sì sí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ wò ó, Bàbá Bodnar ló ń bọ̀ yìí!" ló ní. "Mo ti rò pé ẹ ti tẹ̀ lé ọmọ yín lọ sí etí òkun, ẹ ti ń jẹ ẹja tútù."

"Wọn ò tíì bí ẹja náà." Nestor fi fìlà rẹ̀ sórí káńtà. "Mo fẹ́ mú iná nínú waya tó ti wà lára katakata. Kí ni mo máa fi so ó?"

Delphine kó oríṣi ìdè mẹ́ta síwájú rẹ̀. Ó gbé àkọ́kọ́ dání, ìdè kékeré tó ní orí bíi fìlà. "Èyí, inú ilé ni tirẹ̀. Bí katakata bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á tú ni. Ẹ gbàgbé ẹ̀." Ó gbé èkejì. "Oníhò nìyí. Ẹ máa gé waya, ẹ máa fi orí méjèèjì àti waya tuntun bọ inú ihò, ẹ ó fi ẹ̀mú fún un pa, ẹ ó wá fi iná ra awọ rẹ̀ kó lè sún kì. Gọ́ọ̀mù wà nínú awọ náà, omi ò lè wọlé. Èyí tí Ìyá Larissa máa ń rà nìyẹn."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Eléyín." Ó ṣí i bí ẹnu ẹja. "Ẹ ò ní gé nǹkan kan. Ẹ kàn máa pa á dé mọ́ waya ni, eyín inú ẹ̀ á bù ú jẹ, iná á sì kọjá. Kíá ló yá. Àmọ́ òjò ló ń bá a jà. Ibi tó bá bù jẹ lomi ń gbà wọlé. Bó bá jẹ́ ti ọkọ̀ tó ń sun inú ilé ni, mi ò ní sọ nǹkan kan. Ti oko? Ẹ gba oníhò."

"Èyí tí kò ní gé e ni kó o fún mi."

"Bàbá, ṣé etí yín dí ni? Mo ní òjò..."

"Mi ò fẹ́ gé e, Delphine."

Bó ṣe sọ ọ́ mú kí obìnrin náà gbé ojú sókè.  Lẹ́yìn náà ó kó eléyín sínú ọ̀rá, kò sì tún ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan títí ọkùnrin náà fi jáde.

Ìdè eléyín náà kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nestor dè é mọ́ waya tó ń gbé iná lọ sínú ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn, níbi tí kò ti kan oríkèé Orysia kankan. Gíláàsì tàn. Ó rí àwọn ọ̀pá rọ́bà kedere, ó rí irúgbìn àlìkámà tó ń bọ́. Ó tún rí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn, níbi tí ọkọ̀ kékeré yẹn máa ń wà. Àwọn ẹyẹ funfun ló ń bà síbẹ̀ báyìí, tí wọ́n ń ṣa kòkòrò. Iṣẹ́ yá lọ́jọ́ náà. Ó tó ìgbà mélòó kan tó gbé ojú kúrò lára gíláàsì tó yíjú padà wo ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, bí ẹni pé kámẹ́rà lè fojú fo nǹkan kan.

Òjò wá dé, kò sì tètè dá. Nestor jókòó sílé. Ó ṣí ìgò bíítì, gbòǹgbò pupa tí Orysia fi ọtí kíkan pa mọ́ nígbà ìkórè, ó jẹ díẹ̀, ó dé e padà, torí ìwọ̀nba ló kù. Ó tan rédíò ilé kó lè gbọ́ ohùn èèyàn, ṣùgbọ́n ìròyìn owó epo ni wọ́n ń kà, ó pa á. Larissa pè, àwọn ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ó ní òun á tún pè. Ilé náà dákẹ́ débi pé ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán sínú agbada ìfọwọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tó kí ẹ̀rọ lè wọ̀ ọ́, ó jáde lọ sí oko tó jìnnà jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà. Wọ́n ti ní òjò mìíràn ń bọ̀ lọ́la. Kò tíì gbìn dé ìdajì nígbà tí gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ó tàn, ó kú, ó tàn, ó kú pátápátá. Kó tó tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn fúnra rẹ̀ dákẹ́. Katakata ṣì ń kùn, ṣùgbọ́n irúgbìn kò bọ́ mọ́. Ó ṣí pátákó. Ibi tí eyín ti bu waya jẹ ti dípẹtà, ó di àwọ̀ ewé. Ó kàn fọwọ́ kàn án ni, waya náà já.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn katakata. Kò sí ilé kan, kò sí igi kan, àfi ọ̀run. Orúkọ ẹni tó máa ń pè ní irú àkókò báyìí wá sẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó pe Delphine.

Obìnrin náà ti ìsọ̀ rẹ̀, ó wá. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀. "Mi ò sọ nǹkan kan o. Ẹ gbọ́, Bàbá Bodnar? Mi ò ní sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

"O ti sọ ọ́ tán."

"Mo ti sọ ọ́ tán lóòótọ́." Ó wo inú pátákó náà, ó súfèé. "Háà. Obìnrin yìí mọṣẹ́."

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ gé e."

 Delphine na ìka sí oríkèé dúdú kan. "Ẹ wò ó. Kí lẹ rò pé ó wà lábẹ́ èyí?"

"Waya."

"Waya tí wọ́n gé ni. Ilé iṣẹ́ tó ṣe katakata yìí kọ́ ló fi ìdè yẹn síbẹ̀. Ìyàwó yín gé e. Ó gé èyí náà. Ó gé tọ̀hún. Ibi gbogbo tí ẹ bá ti rí dúdú níbẹ̀, ó gé e, ó tún un so. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ó na ẹ̀mú sí i. "Ó yá."

"Ìwọ ṣe é."

"Èmi ò níí wà níbí nígbà mìíràn."

Nestor gba ẹ̀mú.  Ó gé ibi tó ti jẹrà kúrò títí ó fi kan bàbà tó mọ́, tó ń pọ́n. Ó bó orí waya, ó fi wọn bọ inú ìdè oníhò, ó fún un. Delphine ní kó fà á. Ó fà á, ó yọ.

"Ẹ fún un bí ẹni tó ń bínú," ni Delphine wí.

"Mo ń bínú," ni Nestor fèsì. "Àárọ̀ ni ó kú. Ó ní òun fẹ́ sùn díẹ̀ sí i, mo sì jáde lọ fún màlúù lóúnjẹ. Mo ń bínú sí i pé kò dúró kí n wọlé."

 Delphine bó waya mìíràn fún un. Nestor tún fún un, ó fi gbogbo agbára ọwọ́ rẹ̀ sí i. Wọ́n fà á, kò mì. Ó fi ìṣáná aláfẹ́fẹ́ ra awọ rọ́bà náà, awọ náà sún kì, gọ́ọ̀mù yọ díẹ̀ létí rẹ̀. Kò dán bíi ti Orysia. Ó wọ́ díẹ̀ sí apá kan.

"Ó burẹ́wà," ni ó wí.

"Ó burẹ́wà gan-an," ni Delphine dáhùn. "Ẹ tanná."

Ó tàn. Irúgbìn bọ́. Delphine ní kó wá jẹun nílé òun lọ́jọ́ Sunday, Nestor ní òun á rò ó wò. Obìnrin náà lọ, eruku kò tilẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀ rẹ̀ torí ilẹ̀ ṣì tutù. Nestor gbin oko náà tán kí òjò tó dé.

Òun àti Orysia máa ń lọ sí ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà tó wà lójú títì ìlú lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí ìgbìn. Lọ́jọ́ tí Nestor fún irúgbìn ìkẹyìn sílẹ̀, ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó lọ. Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò bi í pé, "Ẹ̀yin mélòó ni?" Ó ní, "Èmi nìkan." Wọ́n mú un lọ sídìí fèrèsé. Kò mọ oúnjẹ ẹnì kan pè, oúnjẹ tí àwọn méjèèjì máa ń pè ló pè. Ó jẹ apá tirẹ̀, wọ́n bá a di ìyókù sínú ike. Ó gbé e sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rọra wa ọkọ̀ lọ sílé kó má baà dànù. Oúnjẹ náà ló jẹ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ní tútù, kó tó lọ wo bóyá àlìkámà ti ń hù.